Ìka Kan Lórí Sítíárìn

Oníka-kan ni wọ́n ń pè mí ní Ìlútítun. Kì í ṣe pé ìka mi gé o, mẹ́wàá ni wọ́n pé títí di òní. Iṣẹ́ mi ló bí orúkọ náà. Bí mo bá tú àpótí sítíárìn ọkọ̀ kan, tí mo fọ̀ ọ́, tí mo tún un tò, màá fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ náà sókè, màá pe ẹni tó ni ín, màá sì fi ìka kan ṣoṣo, ìka ìfábẹ̀lá, yí sítíárìn náà láti ọ̀tún dé òsì. Bí ìka kan kò bá yí i, iṣẹ́ kò tíì parí nìyẹn. Àwọn mẹ́káníìkì Okitipupa a máa sọ pé àṣehàn ni. Kí wọ́n máa wí. Ta ni nínú wọn tó lè ṣe é?

Mo sọ ìyẹn kí ẹ lè mọ irú ẹni tí èmi Jàfárù jẹ́ ní ọdún tí ogun ń jà. Mo mọṣẹ́, mo sì mọ̀ pé mo mọṣẹ́. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀gá Jethro Lérè, tó ń ra epo àti èkùrọ́ jọ láti oko dé oko, ní Lándírófà kan. Ọkọ̀ náà ti darúgbó, ṣùgbọ́n kò sí ẹrẹ̀ tí kì í là kọjá. Àkànmú ló ń wà á. Àkànmú yìí ni ọkọ Mọ̀dínátù, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń wakọ̀, kò fi ọkọ̀ pa adìyẹ rí. Bí ẹ bá bú Àkànmú, á rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kò mọ ọkọ̀ wà, ẹ ti bá a jà nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1967, ó gbé ọkọ̀ náà wá sí abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Jàfárù, sítíárìn yìí ti ya wèrè. Mo máa yí i dé ìdajì kí táyà tó mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí."

Mo tú u. Ohun tó ṣàn jáde nínú àpótí náà kì í ṣe ọ́ìlì mọ́, omi dúdú ni, irin kíkúnná ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Nínú àpótí yìí, irin gbọọrọ kan wà tí ojú rẹ̀ lọ́ bí okùn, àwọn ọmọ irin róbótó róbótó ló sì ń yí nínú ojú lílọ́ náà. Àwọn ni wọ́n ń mú kí ọwọ́ awakọ̀ fúyẹ́. Púpọ̀ nínú wọn ti jẹ. Mo lọ sí Igbotako, mo tú àwọn mìíràn lára Lándírófà kan tó ti kú sẹ́yìn ilé ẹnìkan. Rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò ti gbó. N kò rí òmíràn rà, mo gé awọ màlúù, mo rẹ ẹ́ sínú àdín, mo fi dípò. Àwọn páànù tín-ín-rín tó máa ń wà lábẹ́ ìdérí, mo fi agolo mílíìkì gé tuntun. Bí a bá ń gúnyán nínú ewé, tí à ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó.

Páànù wọ̀nyẹn ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Bí o bá yọ ọ̀kan, ìdérí á sún mọ́ irin sí i, sítíárìn á sì fún. Mo yọ ọ̀kan, ó ṣì ń mì díẹ̀. Mo yọ ìkejì, ó fún pinpin. Ó yẹ kí n dá ìkejì padà, kí n wá páànù tó fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò dá a padà. Mo ní nígbà tí ọ́ìlì bá wọ ibẹ̀, yóò rọ̀, inú Àkànmú tó kórìíra kí sítíárìn máa mì á sì dùn.

Ọ́ìlì wá di ìṣòro. Ọ́ìlì jíà tó ki, tó yẹ fún àpótí yẹn, kò sí ní Ìlútítun, kò sí ní Okitipupa. Sójà kún ojú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, ẹrù Èkó kò sì wọlé bí ó ṣe yẹ. Ọ̀gá Jethro ti rán èèyàn sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé epo òun wà lóko tí kò rí ẹni gbé e. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ se epo tán, epo náà pọ́n, ó mọ́ gaara. Mo ní kó fún mi ní ìgò kan, mo máa fi sebẹ̀. Ó fún mi. Mo gbé e dé abẹ́ igi, mo sì dà á sínú àpótí sítíárìn.

Ta ni wọ́n bí ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ tí kò mọ̀ pé epo máa ń dì? Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í pẹ́ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín tí a sún mọ́ omi. Á fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, á sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ní kí ọyẹ́ tó dé, ọ́ìlì tòótọ́ á ti dé, màá sì pààrọ̀ rẹ̀.

Mo gbé ọkọ̀ sókè, mo fi ìka kan yí sítíárìn. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àkànmú rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gá Jethro bọ̀ mí lọ́wọ́ lójú gbogbo èèyàn. Ó yẹ kí n fa Àkànmú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n sọ fún un pé epo ni mo dà sí i, kó máa ṣọ́ra láàárọ̀. Ojú tì mí. Ẹni tó ń yọ̀ mọ́ iṣẹ́ mi báyìí, kí ó gbọ́ pé epo ọbẹ̀ ni mo fi ṣiṣẹ́? N kò sọ.

Ọyẹ́ ọdún náà kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Láti ìparí oṣù kejìlá ló ti dé, kò sì lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, èèyàn kì í rí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé ara rẹ̀.

Àkànmú wá. "Jàfárù, sítíárìn yẹn máa ń le láàárọ̀ o."

Mo ní, "Tuntun ni. Yóò rọ̀."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún wá. Ó ní bí òun bá yí i ní kọ́nà, kì í fúnra rẹ̀ padà mọ́, àfi kí òun fi agbára fà á wálẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Mo gbé ọkọ̀ sókè lójú àwọn tó ń ta ayò lábẹ́ igi mi, mo fi ìka kan yí i. Ó yí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Àkànmú, ṣé o kì í jẹun kí o tó jáde ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọlọ́run ló mọ bí ẹ̀rín yẹn ṣe ń dùn mí títí di òní.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, òun nìkan ló wá, kò sì gbé ọkọ̀ wá. Ó rọra bá mi sọ̀rọ̀. "Ùwọ Jàfárù, ṣé kò sí nǹkan tí o rí nínú àpótí yẹn tí o kò sọ fún mi?"

Inú bí mi. Ẹni tó bá jẹ̀bi kì í pẹ́ bínú. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni?"

Ó ní rárá, òun kàn béèrè ni. Ó sì lọ.

Kí n má parọ́ fún yín: ọjọ́ tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọ́ìlì jíà dé. Mo ra agolo kan. Mo gbé e sórí pẹpẹ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, mo gbọ́dọ̀ da ohun tó wà nínú àpótí náà sílẹ̀, Àkànmú á sì wà níbẹ̀, á rí epo pupa tó ń ṣàn. Mo ní kí n dúró de ọjọ́ tí kò ní sí nílé. Ọjọ́ mẹ́rin ni agolo yẹn fi wà lórí pẹpẹ, tí mò ń wò ó.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó yọ, Àkànmú kó garawa epo sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń lọ sí Igbotako. Mildred, ọmọ Ọ̀gá Jethro tó ń ṣe tíṣà níbẹ̀, jókòó níwájú lọ́dọ̀ rẹ̀. Kọ́nà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá, Àkànmú yí sítíárìn, ó yí. Ó fẹ́ dá a padà, kò padà. Ọkọ̀ náà ń yí lọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó kúrò lójú ọ̀nà, ó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú kòtò. Egungun èjìká Mildred kán. Ẹsẹ̀ Àkànmú kán níbi méjì.

Àwọn tó ń se ògógóró lẹ́bàá odò ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn náà ni wọ́n fi wẹ ojú ọgbẹ́ Àkànmú. Nígbà tí Ọ̀gá Jethro fi máa dé, tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń ké, ọtí ń rùn lára awakọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Kò béèrè bó ṣe jẹ́. Ó ní Àkànmú mutí, ó sùn lórí sítíárìn, ó sì fẹ́ pa òun lọ́mọ. Ní ọjọ́ Ajé, òun á fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ ní Okitipupa. Àkànmú tí kì í fẹnu kan ọtí! Ṣùgbọ́n ta ló máa bá bàbá tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ̀rora jiyàn?

Màmúdù, àbúrò bàbá mi, tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, bẹ Ọ̀gá Jethro pé kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ọkọ̀ náà wò, nítorí Àkànmú ń sọ pé sítíárìn ló kọ̀. Wọ́n fa ọkọ̀ náà wá sí abẹ́ igi mi. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun àílà ọ̀sán, gbogbo wọn péjọ. Oòrùn ti ń pa ọkọ̀ náà láti òwúrọ̀. Èèyàn kò lè fọwọ́ lé irin rẹ̀.

Ọ̀gá Jethro ní, "Oníka-kan, yí i."

Mo gbé iwájú rẹ̀ sókè. Mo fẹ́ kó le, mo sì tún fẹ́ kó rọ̀, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ jù. Mo fi ìka kan sí i. Ó yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó lọ, ó bọ̀.

Ẹnìkan lẹ́yìn mi ní, "Ògógóró ló wakọ̀ yẹn o, kì í ṣe Àkànmú."

Màmúdù wo ojú mi. "Jàfárù, ọma mi, ṣé sítíárìn yìí kò ní àléébù kankan?"

Mo ní, "Ojú gbogbo yín ló ṣe."

Wọ́n túká. Ọ̀gá Jethro gbá mi léjìká, ó ní òun mọ̀ pé iṣẹ́ mi kò lè dójú ti òun. Mo jókòó sórí táyà kan.

Ní òwúrọ̀ Àìkú, mo lọ kí Àkànmú. Ẹni tó ń to egungun ti fi pákó ọparun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń pa wọ́n dé, ó ń ṣí wọn. Mo kí i. Ó dáhùn, kò gbójú sókè.

Nígbà tó yá, ó ní, "Jàfárù, ùwọ ló mọ ọkọ̀. Wí fún mi. Ṣé èèyàn lè sùn kó má mọ̀ pé òun sùn?"

Mo ń wo pákó tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Mo rántí pé mo fà á. Mo rántí dáadáa. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ní ìka kan ṣoṣo lo fi yí i. Bóyá n kò fà á. Bóyá ọwọ́ mi ti kú tí n kò mọ̀."

Mo jáde síta bí ẹni tí wọ́n lé. Ẹ̀gbọ́n mi wà nídìí iná. Ó gbé garawa epo kan síwájú, ó ń fi ọmọrogùn gún un. Epo náà ti dì, ó le bí ògì tó sùn.

Ó ní, "Ọkọ mi éè jẹun láti àná. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Ọlọ́run ṣeun pé ùṣẹ́ tìrẹ dára, Jàfárù. Ká ní wọ́n tún rí àléébù nínú ọkọ̀ ni, wọn ì bá ní èmi ni mo ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ fún àbúrò mi tún ṣe. Ìtìjú méjì ni ì bá wọ ulé yìí." Ó ti garawa náà sún mọ́ iná. "Wo epo yìí. Epo ọyẹ́, àfi kí èèyàn yáná fún un kó tó gbọ́ràn."

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Inú ìgò ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti bu ohun tó kán ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì ń dúpẹ́. Mo wo epo náà bó ṣe ń yọ́ létí garawa. N kò lè jókòó mọ́.

Láti ibẹ̀ mo lọ sọ́dọ̀ Màmúdù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó pe Ọ̀gá Jethro wá sí abẹ́ igi mi lọ́jọ́ kejì, bí a bá ti kírun àsùbáà tán, kó tó gbéra lọ sí Okitipupa.

Ó ní, "Kí ló máa wà níbẹ̀ láàárọ̀ tí kò sí níbẹ̀ lọ́sàn-án?"

Mo ní, "Oòrùn ni kò ní sí níbẹ̀, Bàbá."

Ó ní òun á pè é wá.

Ọyẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Ọ̀gá Jethro wọ kóòtù, ó gbé ìwé tó fẹ́ mú lọ fún ọlọ́pàá há abíyá. Inú ń bí i. Mo ti gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí wọ́n tó dé.

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi fi ìka kan yí i."

Ó fi ìka kan. Sítíárìn kò mira. Ó wò mí. Ó fi ọwọ́ kan, ó mira díẹ̀. Ó gbé ìwé rẹ̀ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ méjèèjì tì í. Ó yí tìkọ̀tìkọ̀, ó dún, ó sì dúró síbi tó tì í sí. Nígbà tó fẹ́ dá a padà, ó ní láti fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ọ̀gá Jethro yìí tó mi lẹ́ẹ̀mejì.

Mo tú ìdè orí àpótí náà. Mo ki ìka bọ inú rẹ̀, ìka ìfábẹ̀lá yẹn náà, mo sì fà á jáde. Epo dídì bò ó dé oríkèé, pupa rúsúrúsú.

Mo ní, "Epo ni. Epo ọbẹ̀. Èmi ni mo dà á sí i, èmi náà ni mo fún un pinpin jù. Kì í rọ̀ àfi bí oòrùn bá pa á. Àkànmú kò mutí, kò sì sùn. Ọ́ìlì tòótọ́ wà lórí pẹpẹ mi láti ọjọ́ kẹrin kí ọkọ̀ tó ṣubú, mo ń tijú àtipààrọ̀ rẹ̀ ni."

Ọ̀gá Jethro kò lù mí. Ì bá kúkú lù mí. Ó mú ìwé rẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ya á sí méjì, ó ní òun á kọ òmíràn, orúkọ mi ni yóò sì wà nínú rẹ̀. Mo ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Màmúdù kò wò mí. Ohun tó sọ kò ju pé, "Lọ sọ fún Àkànmú kí ẹlòmíràn tó bá ọ sọ ọ́."

Mo lọ. Epo ṣì wà níka mi. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páànù títí dé orí agolo tó wà lórí pẹpẹ. Mọ̀dínátù dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí mo dé ibi ìgò epo, mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀.

Àkànmú yí ojú sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bi ọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, Jàfárù. Ọwọ́ mi ni mo ti ń bú láti ọjọ́ yìí."

Ó tún pa ọwọ́ rẹ̀ dé, ó ṣí i, ó wò ó bí ẹni tó rí ohun tó sọnù. Lẹ́yìn náà ó pe ìyàwó rẹ̀ pé kó gbé oúnjẹ wá. Láti ọjọ́ Sátidé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé púpurú àti ọbẹ̀ wá, ó gba orí ẹsẹ̀ mi kọjá, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó bu omi fún ọkọ rẹ̀ fọwọ́.

Nílẹ̀ wa, bí àlejò tí o kò mọ̀ rí bá ń kọjá lójúde, tó bá ọ nídìí oúnjẹ, o gbọ́dọ̀ ní kó wá jẹun. Ọmọdé kò ní gbàgbé ìyẹn. Àkànmú bu òkèlè àkọ́kọ́, ó jẹ ẹ́. Ó bu ìkejì. Kò ní kí n wá jẹun. Mo wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ títí ó fi jẹun tán.